Ẹ̀bẹ̀ Tí A Gbé Wá sí Ogbómọ̀ṣọ́

Ìrẹsà,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Ìyanuolúwa ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara rẹ le, ṣé o ń jẹun yó, ṣé ẹ̀fọn àdúgbò yín ti ṣàánú rẹ? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ẹkún wọ ilé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ní jẹ́ kí omijé kán sórí ìwé rẹ. Ohun tí o bá kọ́ kò ní sá kúrò lórí rẹ. Ìbéèrè tí o mọ̀ ni wọn yóò máa bi ọ́. Bí o ṣe jáde nílé ní àlàáfíà ni wàá ṣe padà wọlé, lórúkọ Jésù. Alfa Mashood náà ní kí n bá àwọn fi àmíìn tiwọn sí i.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí méjì, abo ni méjèèjì, èyí tó ní funfun níwájú orí ni tìrẹ. Àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀. Páànù ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjì ṣí lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti kàn án padà, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé ihò kan tó wà lókè orí àwa akọrin, nítorí náà bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwa obìnrin tó ń gbé ohùn òkè á sún mọ́ àwọn ọkùnrin lẹ́yìn, orin náà á sì máa dàrú. Olùṣọ́ àgùntàn ní kí a fara dà á.

Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ pé a wá sí iléèwé yín. Nígbà tí o pe fóònù Marufat ọmọ Alfa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí o ń rẹ́rìn-ín tí o tún ń sunkún, tí o ń bi mí pé ta ló ní kí a wá, kí la wá ṣe, ta ni àwọn tó dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè sọ sínú nǹkan tí wọ́n ń gbé mọ́ etí lọ, kí n sì tó kó ẹnu mi jọ, ó ti já. Marufat wá ní kí n lo èyí tí èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ sí, tí fóònù á gbé ohùn náà lọ bá ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ fún mi, mo ní Ìyanu, báwo ni o? Mo dákẹ́ kí o dáhùn. O ò dáhùn. Mo ní Ìyanuolúwa, ìwọ ni mò ń kí o. O ò dáhùn. Inú ti ń bí mi díẹ̀díẹ̀, mo ti ń sọ ọ́ nínú ara mi pé yunifásítì ti ba ọmọ mi jẹ́, kò mọ ìyá ẹ̀ mọ́, kí Marufat tó ṣàlàyé pé o ò tíì gbọ́, pé nígbà tó bá yá ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Mo ní kó gba fóònù ẹ̀. Èèyàn á kí èèyàn lónìí, ìyẹn á dáhùn lọ́la, irú ìkíni wo nìyẹn? Bí o bá bá ohùn mi nínú fóònù rẹ, tí mò ń kí ọ tí mo sì ń mí, má wulẹ̀ dáhùn mọ́, ó ti tán. Lẹ́tà tẹ́ mi lọ́rùn. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé lẹ́tà kì í fèsì lójú ẹsẹ̀, a kì í sì í bá a jà. Dẹ́rẹ́bà tó ń kó iṣu wá sí Ogbómọ̀ṣọ́ ni yóò mú un wá fún ọ, fún un lómi tútù bó bá dé.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Mò ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí níwájú ilé nígbà tí Marufat dé. O mọ̀ pé Marufat ọmọ Alfa ló ń ṣe POS níwájú ilé wọn báyìí, fóònù rẹ̀ sì tóbi tó àwo ìjẹun. Ó ní Màmá, ẹ wá wo fọ́tò tí Ìyanu gbé síta. Mo nu ọwọ́, mo wò ó. Fóòmù tí o ń sùn lé ni mo kọ́kọ́ rí. Mo dá a mọ̀ kí Marufat tó tọ́ka sí i, nítorí èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rán aṣọ tó wà lára rẹ̀, ìró mi aláró yẹn tó ní òdòdó pupa. Wọ́n gbé e ti ògiri níta gbangba. Fáànù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sítóòfù gáàsì, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́mọrí, ìkòkò, tábìlì ìkàwé, wọ́n sì kọ iye owó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Marufat ń rẹ́rìn-ín, ó ní Ìyanu yìí mà gbọ́n o. N kò gbọ́ èyí tó kù. Mo jókòó sórí ẹ̀gúsí tí mo ti ṣẹ́.

Wàá ní kí ló dé. O mọ̀ pé mo gbé ní Ọ̀yọ́ kí n tó fẹ́ bàbá rẹ, ṣùgbọ́n n kò tíì jókòó sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún ọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo wà, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Aṣọ la ń fọ̀ tí a ń lọ̀ fún àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò kakí, òkìtì òkìtì. Ẹ̀gbọ́n màmá mi á po sítáṣì, èmi á máa fẹ́ èédú inú áyọ́ọ̀nù títí ojú mi á fi pọ́n. N kò mọ̀wé nígbà náà, Sọ́ńdè Sùkúù ló kọ́ mi nígbà tó yá, nítorí náà òwú la fi ń dá aṣọ wọn mọ̀. A ó fi abẹ́rẹ́ gún òwú sí abẹ́ kọ́là, pupa fún ẹni yìí, dúdú fún ẹni yẹn, ẹlòmíràn á ní pupa àti dúdú, aṣọ kan kò sì ṣìnà lọ́wọ́ wa rí. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá rí èèyàn nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ojú mi á kọ́kọ́ lọ sí kọ́là.

Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ayé ìgbà náà, aago ló ń darí wọn. Aago á lù, wọ́n á jí. Aago á lù, wọ́n á jẹun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ń rọ́ wọ ọjà, inú gbogbo ọlọ́jà á sì dùn, nítorí bí wọ́n ṣe ń kàwé tó yẹn, wọn ò mọ ọjà á ná. Wọ́n á ra ọṣẹ gígé, wọ́n á ra kẹrosíìnì sínú ìgò fún láńtánì wọn, wọ́n á ra gaàrí àti ẹ̀pà àti búrẹ́dì, wọ́n á lọ ya fọ́tò níwájú aṣọ tí wọ́n kun ọkọ̀ òfúrufú sí. Wọ́n á bá ara wọn sọ òyìnbó kí ẹni tó ń ta ẹ̀pà má baà gbọ́ iye tí wọ́n fẹ́ san, wọn ò sì mọ̀ pé obìnrin náà ti tà fún wọn pẹ́ débi pé ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí sáà bá wọlé, bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, láńtánì tuntun. Bí sáà bá parí, àwọn tó ti ṣetán á ta tiwọn, kò sí ẹni tó máa wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí sáà bá wà láàárín, tí aago ṣì ń lù, tí o wá rí ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ru bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lórí wá sọ́jà, gbogbo obìnrin Akẹ̀sán á dákẹ́. Kò sí ẹni tó máa béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti lé e nìyẹn.

Mo fi ojú ara mi rí ọ̀kan. Àjàní ni wọ́n ń pè é, òwú funfun la gún sí abẹ́ kọ́là rẹ̀ nítorí òun ló ní kí a má jẹ́ kó hàn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bó bá wá gba aṣọ, ó máa ń bá mi fẹ́ná, èédú á sì ba aṣọ tó wọ̀ wá jẹ́, a ó tún máa fọ ìyẹn. N kò mọ ohun tó ṣe. Àwọn kan ní ó fo ògiri ọgbà, àwọn kan ní ó dá olùkọ́ lóhùn. Ohun tí mo rí ni pé láàárín sáà, ó ru bẹ́ẹ̀dì wá, ó tà á. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, ó tà á. Ó mú láńtánì wá, ó tà á. Ó wá wọ lọ́rì, kò sì kí wa. Bàbá rẹ̀ ò dé láti oko lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé títí ọjọ́ fi lọ lórí rẹ̀. Ó gbé àkùkọ há abíyá, àgbàlagbà kan tẹ̀ lé e, wọ́n wá bẹ Pírínsípà. Wọ́n ní Pírínsípà gba ẹ̀bẹ̀ náà o. Ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà padà wá, òun ti forí jì í. Ibo ni wọ́n á ti mú un? Ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí lọ́rì náà gbé e lọ.

Wọ́n júwe ilé wa fún bàbá yẹn pé aṣọ ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà jáde, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti ká a. Bàbá náà wò ó, ó ní ṣé ó dá wa lójú pé tirẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ṣí kọ́là, ó fi òwú funfun hàn án. Bàbá náà fi ṣẹ́ẹ̀tì há abíyá kejì, àkùkọ wà ní abíyá kìíní, ó kí wa, ó lọ. N kò gbọ́ ìròyìn Àjàní mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn, títí tí mo fi bí ìwọ, títí tí mo fi gbé ọ lọ síléèwé, mo ṣì máa ń rí i lójú ọkàn mi.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí fóòmù rẹ níta, tí mo mọ̀ pé sáà yín wà láàárín, kí lo fẹ́ kí n rò? Mo ní kí Marufat pè ọ́. Fóònù ní o ti pa á. Mo ní háà, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń gba káàdì oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá lé láyé àtijọ́. Marufat ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ni Marufat mọ̀? A kò tíì bí i nígbà tí Àjàní ru bẹ́ẹ̀dì. Bàbá rẹ wà ní abà, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru, n kò ránṣẹ́ sí i. Mo kàn mọ̀ pé n kò ní jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ tèmi pẹ́.

Mo tọ Alfa Mashood lọ, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi lọ bẹ̀bẹ̀, nítorí gbogbo Ìrẹsà ló mọ̀ pé ẹnu wọn dùn. Wọ́n ní kí ni ọmọ náà ṣe. Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn ò mọ̀ ló rọrùn láti bẹ̀, nítorí kò ní sí pé a ń jà á níyàn. Mo tún lọ bá Díákónì Ọlọ́runnísọ̀lá, mo sì sọ fún wọn pé Alfa ń bọ̀, nítorí n kò mọ ẹ̀sìn tí Pírínsípà yín ń ṣe, bó bá jẹ́ mùsùlùmí, tirẹ̀ wà, bó bá jẹ́ onígbàgbọ́, tirẹ̀ wà. Díákónì wọ kóòtù tí wọ́n fi gbéyàwó, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ṣì ń dé ara wọn. A mú àkùkọ, a di iṣu, a sì jáde ní ìdájí ọjọ́ kejì, torí kí Pírínsípà tó jẹun àárọ̀ ni a ti ń bẹ̀ ẹ́.

Nínú ọkọ̀, Alfa ń tún ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà sọ lábẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ Èṣù ni. Díákónì ní kí wọ́n má fi Èṣù ṣáájú, kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ Ọlọ́run. Alfa ní bí èèyàn bá dárúkọ Ọlọ́run kó tó dárúkọ Èṣù, ó lè dà bíi pé Ọlọ́run ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà gbé wọn dé Ogbómọ̀ṣọ́. Mo gbá àkùkọ mọ́ra, mo ń wo ojú ọ̀nà, bí ọkọ̀ akẹ́rù bá pàdé wa, mo máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá màá rí ọ.

A dé géètì yunifásítì. Sìkiọ́rítì ní ta la wá rí, a ní Pírínsípà. Ó ní kò sí Pírínsípà níbí. Díákónì yíjú sí mi, wọ́n ní iléèwé ńlá báyìí, kò ní Pírínsípà, abájọ tí wọ́n fi ń lé ọmọ kiri. Sìkiọ́rítì ní ṣé a fẹ́ ta àkùkọ yẹn ni. A dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ń wo àwọn tó ń wọlé. Ìyanu, mo wá ṣẹ́ẹ̀tì funfun títí, n kò rí. Àwọn ọmọkùnrin wọ ṣòkòtò tó ya lórúnkún, irun àwọn ọmọbìnrin pupa bí epo, mo ní àwọn wọ̀nyí á jẹ́ lébírà tó ń kọ́ ilé fún wọn. Mo ń wò ó pé àwọn ọmọ iléèwé gan-an á ti wà nínú kíláàsì.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan yọ. Kóòtù dúdú, táì, bàtà tó ń dán, ìwé ńlá lábẹ́ apá, ó ń rìn kánkán. Láyé tiwa, ẹni tó bá de táì nínú ọgbà iléèwé, olùkọ́ àgbà ni. Alfa ní òun nìyẹn. Kí n tó dáhùn, Alfa ti na gbalaja sílẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun, Díákónì ti nà tẹ̀ lé wọn, mo gbọ́ nígbà tí bọ́tìnnì kóòtù já. Mo kúnlẹ̀, mo gbé àkùkọ sókè. Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn kó lè mọ ẹni tí à ń kí. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀, òun náà sì dọ̀bálẹ̀, tòun ti táì. Ọmọlúàbí ni wọ́n fi bí i. Bí gbogbo wọn ṣe wà nílẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó dúró tó lè ní kí ẹnikẹ́ni dìde. Alfa ń sọ fún ilẹ̀ pé iṣẹ́ Èṣù ni. Sìkiọ́rítì yẹn ló wá gbé wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín sì ti gba agbára ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà ni Saifudeen. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ lòun, pé ọjọ́ yẹn lòun fẹ́ lọ dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti ṣàlàyé iṣẹ́ tí òun fi jáde ìwé, ìdí tí òun fi wọ kóòtù nìyẹn. N kò ráyè ìyẹn. Mo ní orúkọ ọmọ mi ni Ìyanuolúwa, láti Ìrẹsà, ọjọ́ wo lẹ lé e, ibo ló gbà lọ. Ó ní Ìyanu tó ń ta fóòmù? Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo rí ẹ̀rín yẹn, n kò mọ̀ bóyá kí n bá a rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n na ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá rí ojú mi, ó dá ẹ̀rín dúró, ó sì sún mọ́ mi.

Ó ní, "Màmá, wọn ò lé e o. Ìdánwò ló wà láti àná, ó wà nínú họ́ọ̀lù nísinsìnyí, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbé fóònù wọ ibẹ̀."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kó sọ ọ́ sétí Alfa. Ó wá ṣàlàyé pé àwọn tó ń jáde ìwé ni o máa ń ra ẹrù ilé lọ́wọ́ wọn, tí o máa ń tún un ṣe, tí o máa ń tà á fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tí wọn ò ní nǹkan kan. Ó ní òun náà ti ta fáànù òun fún ọ. Ó ní bí fáànù bá ní àrùn, wàá sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á, àwọn ọmọ tuntun sì ń wá ọ nítorí ẹ̀. Mo ní fóòmù tìrẹ ńkọ́, ó ní ọmọbìnrin kan tó jáde ló fi èyí tó nípọn ju tìrẹ lọ sílẹ̀ fún ọ. Mo ní ṣùgbọ́n sáà ò tíì parí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, ìyanṣẹ́lódì ti da kàlẹ́ńdà wa rú tipẹ́, àwọn kan ń parí, àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀, àwọn kan wà láàárín, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, aago kan ló ń lù fún gbogbo wọn.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó bá mi gba àkùkọ kí n lè nu ojú, àkùkọ náà sì yàgbẹ́ sí èjìká kóòtù rẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ tó fẹ́ lọ kojú àwọn olùkọ́. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, kó bọ́ ọ. Mo ra píọ́ wọ́tà kan, mo sì ṣe é bí a ṣe ń ṣe é ní Akẹ̀sán, láti ẹ̀yìn aṣọ wá síwájú. Nígbà tó fi máa gbẹ, o ò lè mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àfi bí o bá gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé gbogbo ohun tó sọ ni mo gbọ́, n kò ní lọ sílé láìfojú kàn ọ́. Ó mú wa lọ sábẹ́ igi kan tó dojú kọ họ́ọ̀lù, ó ní kí a má pariwo. Fèrèsé ṣí. Orí àwọn ọmọ pọ̀ bí ẹ̀gúsí nínú igbá, gbogbo wọn tẹrí ba. Mo wá irun tí o dì lọ nílé, n kò rí i. Ọmọ kan wá fi ìdí báírò họ ẹ̀yìn ọrùn. Irun rẹ̀ ò jọ tìrẹ, aṣọ rẹ̀ ò jọ èyí tí mo rà fún ọ, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yẹn ṣe yí, láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni o ti ń họ ẹ̀yìn ọrùn bẹ́ẹ̀ bí ìṣírò bá le. Mo ní òun nìyẹn. O kọ nǹkan, o ṣí ìwé sí ojú kejì, o sì ń kọ lọ. O ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lábẹ́ igi náà mo sunkún, n kò sì tijú. Alfa yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń wo ilé, Díákónì ń kun orin. Saifudeen ní kí a dúró títí wàá fi jáde, mo ní rárá, bí o bá rí wa pẹ̀lú àkùkọ, èyí tó kù nínú ìdánwò yẹn kò ní wọ̀ ọ́ lórí mọ́. A fi iṣu sílẹ̀ fún ọ lọ́wọ́ Saifudeen, a sì wọkọ̀.

Nígbà tí bàbá rẹ ti abà dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó síwájú oúnjẹ, kò bu òkèlè.

Ó ní, "Ṣé ìwọ fúnra rẹ rí i?"

Mo ní mo rí ọ. Ó ní kí lo ń ṣe. Mo ní o ń kọ̀wé. Ó ní ó dáa. Ó jẹun, ó jẹ ẹ́ tán pátá, ó ní ṣé ó kù. Ìgbà tó fọ ọwọ́ tán ni ẹ̀rín wá mú un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó ní kí n tún sọ ibi tí ọmọ yẹn ti gbé ìwé sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Alfa bá ń kọjá, á béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá Pírínsípà ti ní kí wọ́n dìde.

Àkùkọ náà ti padà wálé. Díákónì ní àkùkọ ọpẹ́ ni báyìí, Alfa ní ẹni tó bá máa pa á kó jẹ́ kí àwọn pa á, wọn ò tíì fẹnu kò, àkùkọ sì ń sanra.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Bí o bá rí nǹkan nínú ọjà rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi da owó ọkọ̀ padà fún àwọn àgbà wọ̀nyí, kí n sì ra ọṣẹ tó dáa fún agbádá Alfa, ilẹ̀ pupa yín kò tètè kúrò lára aṣọ. Jẹ́ kó gba inú ẹ̀rọ Marufat wá, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni kí o fi í ránṣẹ́, ó ní nẹ́tíwọ̀kì kì í sí lálẹ́, mo sì rò pé òun náà ń sùn. Díákónì ní bí o bá rí fáànù tí kò ní àrùn, kí o bá àwọn gbé e pamọ́. Iná ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó ti wà nílẹ̀. Ẹni tó ra fóòmù yẹn, sọ fún un pé omi tútù ni kó máa fi fọ aṣọ tí mo rán sí i, aró ni, bó bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, á ṣí. Ìwọ náà ìbá ti bọ́ ọ kí o tó tà á, mo jókòó rán aṣọ yẹn ni o, Ìyanu.

Olúwa yóò fi ọ̀nà rere fún ẹsẹ̀ rẹ. Ọjà tí o bá gbé síta kò ní sùn níta. Oko bàbá rẹ kò ní gbẹ títí wàá fi jẹ nínú rẹ̀, o kò sì ní ṣàárẹ̀ níbi tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bí Alfa ṣe ń tún ọ̀rọ̀ tiwọn sọ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi náà ń tún tèmi sọ. Mo ń ro ohun tí màá sọ bí mo bá bá ọ lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹrù tó kù. Mo ti pinnu pé n kò ní bi ọ́ ní ohun tí o ṣe. Màá gba ẹrù tó wúwo lọ́wọ́ rẹ, màá ní jẹ́ ká máa lọ, bàbá ẹ ò tíì jẹun. N kò lo ọ̀rọ̀ náà, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí ayé bá dojú rú fún ọ lọ́jọ́ kan, ì báà jẹ́ níléèwé, ì báà jẹ́ níbi iṣẹ́, ì báà jẹ́ nílé ọkọ, ohun yòówù kí o ṣe, má ta nǹkan kan, má sì wọ ọkọ̀ tí a kò mọ ibi tó ń lọ. Ilé ni kí o kọ́kọ́ wá. O ò sì ní láti wá àgbà kankan tí yóò bá ọ bẹ èmi àti bàbá rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Martha.